Ìka Mẹ́jọ

Bàbá mi fi ìka méjì kọ́ṣẹ́.
Mi ò pa òwe. Ẹ wo ọwọ́ òsì rẹ̀:
ọmọńdinrín ti lọ, èyí tó tẹ̀ lé e di kùkùté.
Ayùn ilé-ìlagi Òkè-Àgbò ló gbà wọ́n
ní ọjọ́ kẹta tó débẹ̀.
Ọ̀gá rẹ̀ ní, "Máa wò mí," ó sì kẹ̀yìn sí i.

Bí wọ́n ṣe ń kọ́ni nígbà náà nìyẹn:
o dúró, o wò, wọ́n gbá ọ létí,
o tún wò.
Níbi tí iṣẹ́ bá ti fẹ́ yé ọ gan-an
ni ọ̀gá á rán ọ lọ ra sìgá ní Àtìkọrí.
Kí o tó dé, ó ti parí rẹ̀.

Èmi wọ ilé-iṣẹ́ pákó tuntun, ọ̀nà Àgọ́-Ìwòyè.
Wọ́n kó wa sí yàrá kan lẹ́yìn ilé ìkẹ́rù:
kọ̀ǹpútà mẹ́fà, ọ̀kan kì í tàn,
fáànù kan tó ń ké bí adìẹ tó fẹ́ yé.
Fọ́máànù Ọ̀ṣìlésì ní,
"Ẹni tí kò bá gba ọgọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún
kò gbọdọ̀ sún mọ́ ayùn."
Mo rẹ́rìn-ín sínú.
Ta ló ń fi máòsì la igi?

Alẹ́ ọjọ́ kìíní, mo gé ara mi lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀mẹta.
Pupa bo ojú gíláàsì, ọ̀rọ̀ jáde lórí rẹ̀:
O gbàgbé ìdè ààbò. Tún un ṣe.

Ẹ gbọ́ o. Tún un ṣe.
Kò bú ìyá mi.
Kò yọ ṣùtì ètè sí mi lójú àwọn ọkùnrin.
Mo tún un ṣe nígbà mọ́kànlá,
òógùn bò mí,
ẹ̀jẹ̀ kankan kò kán sílẹ̀.

Múínátù máa ń wá lẹ́yìn ṣífùtù ọ̀sán,
ọmọ lórí itan, ọwọ́ kan lórí máòsì.
Bí ọmọ bá ké, a dá ẹ̀kọ́ dúró;
bó bá sùn, a bá ẹ̀kọ́ níbi tó fi í sí,
bí ìkòkò lórí ààrò tí iná rẹ̀ kò kú.
Ṣódípẹ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì ń sá fún
tẹ bọ́tìnnì, ó yí i sí Yorùbá.
Ohùn náà ń sọ̀rọ̀ bí ará Ọ̀yọ́,
a fi ṣe yẹ̀yẹ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì,
ṣùgbọ́n Ṣódípẹ̀ ló kọ́kọ́ gba ọgọ́rin.
Ọmọ ẹ̀gbọ́n mánéjà gba mọ́kàndínlógójì.
Kọ̀ǹpútà kò béèrè ilé tó ti wá.

Kì í ṣe pé ó mọ gbogbo nǹkan.
Kò mọ òórùn afárá tí òjò ti rin.
Kò gbọ́ bí ayùn ṣe ń yí ohùn padà
kó tó kan kókó inú igi.
Ìyẹn, bàbá mi ló sọ fún mi
nínú òkùnkùn, níwájú ilé, nígbà tí wọ́n mú iná lọ.

Ọjọ́ Àìkú kan, mo bẹ ẹ̀ṣọ́, mo mú un wọ yàrá náà.
Ó jókòó bí ẹni tó wá sí báńkì.
Ó fi ọwọ́ ọ̀tún di máòsì mú, ó ń gbọ̀n.
Ayùn gé e lẹ́ẹ̀kan. Pupa.
Ó fà sẹ́yìn lórí àga.
Ìgbà kejì, ó kọ́kọ́ ti ìdè,
ó dúró, ó wò,
igi kọjá láàrin ayùn, ó là sí méjì gbọọrọ.

Kò rẹ́rìn-ín.
Ó ní, "Ẹ̀ẹ̀melòó ni wọ́n gbà fún yín láti ṣìṣe?"
Mo ní, "Iye tó bá wù wá, Bàbá."

Ó tẹ́ ọwọ́ òsì rẹ̀ sórí tábìlì,
ó ń wò ó
bí ẹni tó ń ka owó tí kò pé.